Lẹ́tà Tó Kúrò Lórí Okùn

“Ta ló jí lẹ́tà gb?”

Àwọn ọmọ tó jókòó sórí ẹní wo Tíṣà, wọ́n sì wo ara wọn. Lórí okùn tí wọ́n ta sókè pátákó, àlàfo kan wà láàárín g àti h, bí ẹnu ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. M ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà a, lẹ́yìn náà ṣ.

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló gé àwọn lẹ́tà náà. Sáńpépà tí káfíńtà fi ń ha pákó ló fi gé wọn, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí. Nígbà yẹn, ọmọ á dijú, á fi ìka tọ lẹ́tà lọ, títí ìka á fi mọ̀ ọ́n kí ojú tó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ọwọ́ ọmọdé kì í mọ́ fún wákàtí kan. Nígbà tí etí páálí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, Tíṣà fi pẹ́ẹ̀gì há gbogbo wọn sókè.

“Ojú ni kí ẹ fi wò ó,” ló sọ fún wọn. “Ẹ má fọwọ́ kàn án.”

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Àǹtí Wẹ́rẹ́, tó máa ń nu eruku ara wọn láàárọ̀. Obìnrin náà tó bí Tíṣà lọ́mọ. Ó tún ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀ ní lẹ́ẹ̀sìnì nírọ̀lẹ́, báàgì rẹ̀ sì tóbi ju ti ẹni tó gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ. Gọ́ọ̀mù kíláàsì pàápàá ń tán láìsí ìdí. Tíṣà ti to gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́kàn, ó sì ti rò ó fún ọ̀gá ilé ìwé láàárọ̀ yẹn. Ọ̀gá ní òun á yọjú kí ilé ìwé tó parí. Ó ní bó bá jẹ́ pé Àǹtí ló ń jí wọn, kó má padà wá lọ́la.

“Àǹtí, ẹ ò rí gb?”

“Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo nù ún, mo lọ da omi nù. Ìgbà tí mo dé, kò sí níbẹ̀ mọ́.” Ó rẹ́rìn-ín. “Àbí ó ti lọ fẹ́yàwó ni?”

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Kí ló fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó báyìí?

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, tí Àǹtí tẹ̀ lé wọn, Tíṣà ṣí báàgì náà. Súwẹ́tà kan tó ya. Bàtà ọmọdé tí okùn rẹ̀ já. Abẹ́rẹ́ àti òwú. Ó yára pa á dé, ojú ń tì í, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò yẹ̀. Ilé ló ń kó àwọn lẹ́tà náà lọ nìyẹn.

Lọ́sàn-án, ó mú ìwé láti kà fún wọn, ó sì rí i pé ọmọ kan dín. Jẹ́jẹ́ ni, ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í jáde, tí kò sì tíì dá lẹ́tà kankan mọ̀.

“Abẹ́ tábìlì yín ló wà,” Àǹtí sọ. “Ibẹ̀ làwọn ọmọ máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ bá mi fà á jáde, Tíṣà. Orúnkún mi ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.”

Tíṣà kúnlẹ̀, ó rá wọ abẹ́ tábìlì. Jẹ́jẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀, ó dijú, ó na ọwọ́ sókè. Ìka rẹ̀ ń tọ nǹkan kan lọ lára pákó tó wà lókè orí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

“Gbì,” ló ń sọ. “Gbì.”

Tíṣà dùbúlẹ̀ tì í. M, a, ṣ àti gb ló lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ tábìlì tó ń jókòó sí lójoojúmọ́, gọ́ọ̀mù yí wọn ká, ara sáńpépà wọn ti ń dán.

“Ta ló lẹ̀ wọ́n síbí?”

“Gbogbo wa.” Jẹ́jẹ́ ò la ojú. “Ọwọ́ wa ò tó orí okùn.”

Bàtà ọ̀gá dún wọ kíláàsì, ó sì dúró níwájú ẹsẹ̀ Àǹtí.

“Tíṣà dà?”

“Mo wà níbí, Mà,” ló dáhùn láti ìsàlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ wá wo àwọn lẹ́tà náà.”