Erinmi Lẹ́nu Ọ̀nà

Ìdí erinmi ló dí ilẹ̀kùn. Ewé kan ló ti ṣubú bo ojú kámẹ́rà, obìnrin ayàwòrán sì fẹ́ yọ́ jáde lọ mú un kúrò. Ó ti ilẹ̀kùn onírin náà lẹ́ẹ̀kan, ó rò pé ẹrẹ̀ ló há a, ó wá fi èjìká tì í gidi. Ilẹ̀kùn sún díẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń ti tìmùtìmù; lẹ́yìn náà ni ohun tó wà lóde mí kanlẹ̀, ó sì tì í padà sáyè rẹ̀. Obìnrin náà fojú sí àlàfo tóóró tó wà láàrin ilẹ̀kùn àti férémù. Awọ ló rí, awọ aláwọ̀ eérú, tó tutù, tó ń dán, tó nípọn bíi táyà ọkọ̀ akẹ́rù.

"Bọ̀ọ̀dá," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Erinmi ti fi wá ṣe ìrọ̀rí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Ìgbà tí òun náà fojú sí àlàfo ọ̀hún, ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn méjèèjì ti wọ inú àpótí onírin yìí, kí wọ́n lè ya àwòrán ẹyẹ apẹja tó ń gbẹ́ ihò sí etí odò. Wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ gbé àpótí náà sí, wọ́n fi ewé bò ó lórí, wọ́n sì fi ihò gbọọrọ kan sílẹ̀ níwájú fún kámẹ́rà. Inú rẹ̀ há débi pé bí ẹnì kan bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ ká ẹsẹ̀ kò. Iṣẹ́ wọn náà nìyẹn: ẹ̀gbọ́n á wọ ibi tẹ́nìkan ò jẹ́ wọ̀, àbúrò á gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn á wá jókòó sí pálọ̀ wọn, wọn á máa wo ẹkùn, wọn á máa wo ọ̀gbun, wọn á lanu sílẹ̀. Aláìfòyà làwọn òǹwòran ń pe ẹ̀gbọ́n. Ó ti fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta nínú ìjì. Ó ti fà wọ inú ihò àpáta tí àdán ń gbé. Wọ́n máa ń yìn ín pé ojú rẹ̀ kì í yẹ̀ kúrò lójú kámẹ́rà, ibi yòówù kó wà. Ní ti àbúrò, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jẹun yó kì í bèèrè ìkòkò.

Òní gan-an ló sì fẹ́ sọ fún un pé òun ò ṣe mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ kan ti ní kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ àwòrán, ní yàrá tó ní fèrèsé, níbi tó ti lè máa lọ sílé lọ́sàn-án, kó lọ wo ojú ọmọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lọ́fun rẹ̀ bí egungun ẹja. Gbogbo ìgbà tó bá lanu báyìí, ẹ̀gbọ́n á ti nawọ́ sí òkè mìíràn.

"Kí ló ń ṣe lẹ́yìn wa níbẹ̀?" ẹ̀gbọ́n bèèrè.

Àbúrò tún fojú sí àlàfo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan ńlá yẹn, ohun kékeré kan tó rọ̀ ń gbìyànjú láti dìde, ó ń yọ̀, ó ń ṣubú.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni."

Ìbẹ̀rù ejò kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀. Ta ló máa wá fẹsẹ̀ ré kọjá ọmọ erinmi? Fóònù ò gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọlọ́kọ̀ ojú omi tó gbé wọn wá ò ní padà àfi tí oòrùn bá rọlẹ̀.

Oòrùn ń gòkè, irin ń gbóná. Erinmi náà yí ara padà, ilẹ̀kùn dún kẹẹ̀, ó sì tẹ̀ wọnú. Ibẹ̀ ni àbúrò ti gbọ́ tí èémí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí padà. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bò ó, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ ti òrùlé bí ẹni pé òrùlé ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀.

"Ṣí i," ó ní.

"Kí n ṣí kí ni?"

"Ilẹ̀kùn. Mi ò lè mí. Ṣí ilẹ̀kùn!"

"Bọ̀ọ̀dá, erinmi ni ilẹ̀kùn báyìí."

Ó gbé ẹsẹ̀ láti fi ta irin náà. Àbúrò fò mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀hún, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé bí abiyamọ yìí bá fi lè ta gìrì, yóò gun orí àpótí náà mọ́ wọn lórí ni. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, àmọ́ kò rò pé òun á rí ọjọ́ tí Aláìfòyà á máa gbọ̀n jìnnìjìnnì lọ́wọ́ òun bí ọmọ tí ibà ń ṣe.

Ibì kan ṣoṣo ni atẹ́gùn lè gbà wọlé, kámẹ́rà ló sì dí i. Ó mú sípánà kékeré, ó tú àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀, ó sì fa orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síbi ihò náà. Atẹ́gùn odò fẹ́ lù ú. Díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀?"

"Láti kékeré."

"Inú ihò àdán yẹn ńkọ́?"

"Ìwọ lo wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀." Kò wo ojú rẹ̀. "Iná pupa ara kámẹ́rà ẹ yẹn, òun ni mo máa ń wò. Bí mo bá ti ń rí i, mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀ nìyẹn."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ó ṣe àbúrò bíi pé erinmi kejì ti wá jókòó lé òun láyà. Báwo ló ṣe fẹ́ kúrò báyìí? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó tún pọ̀ ọ́ jáde.

"Bọ̀ọ̀dá, mi ò ní lè bá yín lọ mọ́. Mo ti ríṣẹ́ olùkọ́."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí i. "Ìgbà tí a há sínú agolo bíi sàdíìnì lo wá rí sọ ọ́?"

"Ìgbà tí ẹ ò lè dìde fi mí sílẹ̀ nìyí."

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀kùn dún, irin mí, ìwúwo kúrò lẹ́yìn wọn. Ilẹ̀ ń mì tìtì bí ìyá ti ń yí àpótí náà po. Àwọn méjèèjì fẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi ihò náà. Lójijì, ojú ọmọ erinmi ló gba gbogbo ibẹ̀, ó sún mọ́ wọn débi pé wọ́n gbóòórùn ẹ̀jẹ̀ àti koríko tútù lára rẹ̀. Ó fi imú wá irin náà kiri. Ó gbọn etí. Omi ta sí wọn lójú.

"Kámẹ́rà," ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ láìmi ètè.

Àbúrò ò mira. Ẹ̀gbọ́n náà ò sì tún un sọ.

Ìyá fi imú ti ọmọ rẹ̀ níbàdí, wọ́n wọ odò, wọ́n bá omi lọ, títí wọ́n fi ṣẹ́ kọ́nà. Síbẹ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ò jáde títí wọ́n fi gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

"Kí lẹ rí yà lónìí?" ọlọ́kọ̀ bèèrè bó ti ń fà wọ́n gòkè.

"A ò ya nǹkan kan," ẹ̀gbọ́n ní. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọmọ erinmi náà fún un. Kì í ṣe ohùn Aláìfòyà ló fi ń sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, bí ohùn ẹni tó ti bọ́ bàtà. Nígbà tó dé orí etí, ó dúró, ó kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Inú etí yẹn, àwọ̀ wo ni?"

"Ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ó níṣan wẹ́wẹ́."

"Hẹn-ẹn. Mo rí i."

Àbúrò ń ronú gbogbo òkè àti igbó tí wọ́n ti jọ rìn. Kò rí ìkankan níbẹ̀ tí wọ́n lè jọ sọ báyìí. Inú fèrèsé kékeré ara kámẹ́rà ni òun ti ń wo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, iná pupa nìkan ló ń wò.

"Ìgbà wo ni wọ́n ní kó o bẹ̀rẹ̀?" ẹ̀gbọ́n bi í, ojú rẹ̀ wà lórí omi.

Ó sọ fún un.

Ọlọ́kọ̀ tẹ ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì jókòó ti ara wọn, wọ́n jọ ń wo etí odò bó ti ń kọjá.