Ìgò Tó Tò Sẹ́yìn Mi

Ẹ̀gbọ́n mi, bàtà mi já lójú títì lánàá, ìyẹn ló kọ́kọ́ bí mi nínú, kí dókítà tó sọ pé àbímọ́ mi ni àìrọ́mọbí yìí. Ó ní àwọn lè bá wa po àtọ̀ mi mọ́ ẹyin ìyàwó mi nínú ìgò kó di ọmọ, àmọ́ tọ́mọ náà bá jẹ́ ọkùnrin, ó lè jogún àìrọ́mọbí yìí. Èmi tí mo rò pé ilé lọmọ ń jogún.

Mo sùn, mo bára mi lórí ìlà lọ́sibítù, mo di ike àtọ̀ mi mú bí ẹni tó fẹ́ ra epo. Mo wẹ̀yìn, ìgò kan tò tẹ̀lé mi. Ọmọ mi ọkùnrin ló wà nínú ẹ̀, ó ti hu irùngbọ̀n, ó di ike tiẹ̀ mú.

Ó ní, "Bàámi, ẹ sún síwájú, ìyàwó mi ń retí mi nílé."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ni ìyàwó mi bá jí mi: "Ọkọ mi, ta lẹ ń bẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn?"