Ìgbà Tí Dùùrù Dákẹ́

1

… tí ẹnì kan sì kígbe "Ẹ káre!" láti ẹ̀yìn, gbogbo gbọ̀ngàn bú sí àtẹ́wọ́. Onílù náà, obìnrin tí tajá tẹran ń pè ní Jẹ́jẹ́, ń rẹ́rìn-ín. Búrọ́ọ̀ṣì ìlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ nídìí dùùrù, kí àwọn méjèèjì lè jọ rẹ́rìn-ín.

Ọkọ rẹ̀ fi iwájú orí ti dùùrù.

Ó ti kú.


2

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ìtàn yìí ò fẹ́ dúró lójú kan. Bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára ló ń ṣe.

Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà:

ẸGBẸ́ ALÁLÀFO
Jáàsì fún etí tó ní sùúrù

Ìlù: JẸ́JẸ́
Dùùrù: ỌKỌ JẸ́JẸ́ (òun ló ní ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀)
Gìtá ńlá: Ọ̀PÁ

Bí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Orin ò tíì parí.


3

Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ á dẹni tí ayé ń wò. Onílù ẹgbẹ́ kan ló dá lápá, wọ́n ní kó wá bá wọn jókòó síbẹ̀ títí apá onítọ̀hún á fi jinná. Láyé ìgbà náà, gbogbo onílù jáàsì ló ń lu ìlù bí ẹni ń lé olè. Jẹ́jẹ́ kì í lù ú. Ó ń fọwọ́ pa á lára, ó ń họ ọ́, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ojú rẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀ níbi tí ọmọ ti ń sùn. Nígbà míì, láàárín orin, á kàn gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Kò ní lu nǹkan kan.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, afọnfèrè ni, kò fara mọ́ ọn.

Ọ̀GÁ: Kí ló dé tó o dákẹ́?
JẸ́JẸ́: Mi ò dákẹ́, sà. Àyè ni mo fi sílẹ̀.
Ọ̀GÁ: Àyè fún ta ni?
JẸ́JẸ́: Fún ẹni tó bá lọ́rọ̀ sọ, sà.
Ọ̀GÁ: Èmi ni mo lọ́rọ̀ sọ. Kó igi ìlù ẹ, kó o máa lọ.

Ó kó o. Kò tíì dé òpópónà tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Atẹdùùrù ẹgbẹ́ náà ni, ẹ̀wù rẹ̀ wà léjìká, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìwọ náà ńkọ́?" Jẹ́jẹ́ bi í. "Ṣé wọ́n lé ẹ ni?"

"Wọn ò lé mi. Àyè tó ò ń fi sílẹ̀ yẹn, èmi ni mò ń gbé inú ẹ̀."

Ẹni tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ olúwarẹ̀, kí ló tún ń wá?


4

Ìlù ńlá tí àwọn onílù ń fẹsẹ̀ tẹ̀, Jẹ́jẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú ìlù rẹ̀ pátápátá. Wọ́n gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n ń kó aṣọ ìdọ̀tí sínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní onílù tí kò lẹ́sẹ̀, ibo ló ń lọ? Nígbà tó yá, àwọn onílù ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó níwájú, wọ́n ń na ọrùn wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìlù ńlá fi ń di àpótí aṣọ nílé àwọn náà.

Òun àti ọkọ rẹ̀ ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Bí orin bá dé ojú àlàfo, tí gbogbo wọn bá dákẹ́, ọkọ á fi orí ti dùùrù, á dijú. Ìyàwó á gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọhùn ni yóò fọ abọ́ ọjọ́ yẹn.

Ọkọ ló máa ń fọ abọ́. Kò ní sùúrù, ẹni ire náà.


5

Ọ̀sán Sunday. Àlàfo dé. Jẹ́jẹ́ gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè. Ọ̀pá gbé ọwọ́ lé okùn gìtá, ó dákẹ́. Ọkọ fi orí ti dùùrù.

Ẹnì kan húkọ́.

Ó pẹ́.


5, lẹ́ẹ̀kan sí i

Rárá, kò kàn pẹ́. Ó pẹ́ débi pé àwọn ará iwájú ń wo ara wọn. Jẹ́jẹ́ rò ó nínú ara rẹ̀ pé, "Ọkùnrin yìí ti pinnu lónìí. Abọ́ ló ń sá fún." Ẹ̀rín pa á.


5, fún ìkẹyìn

Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó rọra tẹ̀ síwájú, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ wẹ́rẹ́ pé, "Ó dáa. Mo gbà. Abọ́ tèmi ni." Ó fọwọ́ ba ìlù. Ọ̀pá tẹ̀ lé e. Dùùrù ò wọlé. Jẹ́jẹ́ rò pé ọgbọ́n tuntun ni, pé ọkọ òun fi gbogbo ilé sílẹ̀ fún òun láti máa rìn nínú rẹ̀ bó ṣe wu òun.

Ó sì rìn ín. Kò lu ìlù bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.


6

Nínú ìwé ìròyìn òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, láti ọwọ́ alárìíwísí wọn:

"N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Atẹdùùrù kọ̀, kò padà wọlé mọ́. Ó fi gbogbo pápá sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ta ló láyà bẹ́ẹ̀? Kí àtẹ́wọ́ tó rọlẹ̀ ni mo ti sáré jáde kí n lè kọ èyí. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, ó ṣeni láàánú."

Ìwé ìròyìn náà wà lórí bẹ́ǹṣì nílé ìwòsàn. Jẹ́jẹ́ kà á tán. Ó tún un kà.


7

DÓKÍTÀ: Ọkàn wọn ló dúró, Mà. Ẹ pẹ̀lẹ́.
JẸ́JẸ́: Ìgbà wo?
DÓKÍTÀ: Kò ṣeé mọ̀ pàtó.
JẸ́JẸ́: Mò ń lu ìlù.
DÓKÍTÀ: Wọ́n sọ fún mi, Mà.
JẸ́JẸ́: Ká ní mo dìde ńkọ́? Ká ní mo fọwọ́ kàn án lásìkò yẹn?
(Dókítà wo bàtà ara rẹ̀.)
JẸ́JẸ́: Dókítà, ẹ sọ̀rọ̀.


8

Láti ọjọ́ náà, kò lè gbé inú ìdákẹ́jẹ́ mọ́. Rédíò ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, òmíràn ń sọ̀rọ̀ ní ilé ìdáná. Ó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀, omi ń dà. Abọ́ ọjọ́ yẹn ṣì wà nínú ọpọ́n ìfọbọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bí, olùkọ́ ìṣirò, ń pè é lórí fóònù.

ỌMỌ: Màámi, mo fẹ́ bi yín …
JẸ́JẸ́: Sọ̀rọ̀!
ỌMỌ: Mò ń ronú ni, Mà.
JẸ́JẸ́: Má ronú. Ṣáà máa sọ̀rọ̀ lọ.
ỌMỌ: Kí ni kí n máa sọ?
JẸ́JẸ́: Ka nọ́ńbà fún mi. Ṣebí iṣẹ́ ẹ nìyẹn.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà. Ó ń kà, ó ń sunkún.


9

Àtẹ̀jíṣẹ́.

Ọ̀PÁ: Aya ọ̀rẹ́ mi, ọkùnrin agbohùnsílẹ̀ tó wà níbẹ̀ gba gbogbo orin ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ àwo orin fẹ́ gbé e jáde, ẹnu yín ni wọ́n ń wò. Mo ti gbọ́ ọ. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, a ò ṣe irú ẹ̀ rí.

ỌMỌ: Ẹ ò gbọdọ̀ gbà, Màámi. Ikú bàbá mi kọ́ làwọn àlejò máa fi mu ọtí.

Ọ̀PÁ: Mo rí i lọ́jọ́ yẹn pé ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi kò mì mọ́. Mo rò pé eré yín ni. Mi ò fẹ́ dá sí eré tọkọtaya. Ẹ dárí jì mí.

JẸ́JẸ́, sí nọ́ńbà ọkọ rẹ̀: Ìgbà wo?

Nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, fóònù ọkọ rẹ̀ gbọ̀n.

Jẹ́jẹ́ lọgun tó fi jẹ́ pé àwọn ará ilé kejì kan ilẹ̀kùn.


10

Níkẹyìn Jẹ́jẹ́ lọ gbọ́ orin náà. Ọmọ rẹ̀ mú un lọ́wọ́, ó ń kùn. Yàrá agbohùnsílẹ̀ kéré, kápẹ́ẹ̀tì wà lára ògiri, èémí ara ẹni ló ń dún síni létí níbẹ̀. Agbohùnsílẹ̀ náà ò mọ ibi tó máa kọjú sí. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, Mà," ó tún ní, "Ẹ kú ìrọ́jú."

"Gbé orin náà sí i," Jẹ́jẹ́ wí.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń tẹ dùùrù, ó ń kùn lábẹ́ ohùn bó ṣe máa ń kùn. Ọmọ bo ojú. Àlàfo dé. Ikọ́ ẹnì kan. Jẹ́jẹ́ di etí tábìlì mú.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín. Ẹ̀rín tirẹ̀ ni. Ẹ̀rín ọmọge tí nǹkan dùn mọ́.

"Ó dáa. Mo gbà. Abọ́ tèmi ni."

Búrọ́ọ̀ṣì lórí awọ. Gìtá ńlá.

Àti ohùn dùùrù kan. Ẹyọ kan ṣoṣo, ohùn ìsàlẹ̀, ó fẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti yàrá kejì.


11

Kò gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ọ̀pá náà ò gbọ́ ọ.


12

JẸ́JẸ́: Kí nìyẹn?
AGBOHÙNSÍLẸ̀: Mo rò pé ẹ mọ̀, Mà.
ỌMỌ: Ọwọ́ bàbá mi ló já bọ́ lórí ẹ̀, Màámi. Ọwọ́ lásán ni.
JẸ́JẸ́: Tún un gbé.

(Ẹ̀rín. Abọ́ tèmi ni. Ohùn dùùrù.)

JẸ́JẸ́: Ó bọ́ síbi tó yẹ.
ỌMỌ: Màámi …
JẸ́JẸ́: Ọwọ́ tó kàn já bọ́ kì í bọ́ síbẹ̀. Mo sọ̀rọ̀, ó dá mi lóhùn.
ỌMỌ: Tó bá dá yín lóhùn, a jẹ́ pé ó ṣì wà láàyè nígbà yẹn, Màámi. A jẹ́ pé ká ní ẹ dìde …

Ọmọ fọwọ́ bo ẹnu.

Jẹ́jẹ́ wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ọkùnrin ẹ̀rọ náà. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n gbá létí láti ẹ̀yìn.

"Mà," agbohùnsílẹ̀ wí, "kí ni kí n sọ fún ilé iṣẹ́ àwo orin?"

"Tún un gbé."

Ó tẹ ẹ̀rọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta na etí síwájú.