Ohùn Tí Ìyá Tún Ṣe

Bírò ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ Bàbá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé, lẹ́yìn náà báàgì rẹ̀ àti ìgò omi. Pẹ́ńsù kan ni wọ́n fún un dípò gbogbo rẹ̀. Ó gbé e sókè, ó wò ó títí.

"Tíṣà, ṣé wọ́n tún fẹ́ fi mí sí jẹ́léósinmi ni?"

Tíṣà ló máa ń pe ọmọbìnrin rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti di olùkọ́ ìtàn orin ní yunifásítì. Tíṣà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Ara Bàbá ò yá mọ́, ohun kan ṣoṣo ló sì ń bẹ̀ ẹ́ fún: kó mú òun dé yàrá tí ilé ìkàwé ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, kí òun tún ohùn kan ṣe nínú orin òun kí òun tó kú.

Bàbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ kó àwọn ìwé orin náà fún wọn nígbà tó fẹ̀yìn tì nídìí dùùrù. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ìwé àkọ́kọ́ ló kó fún wọn, èyí tó kọ kí ìyàwó rẹ̀ tó gbé orin náà sẹ́nu. Obìnrin náà kọrin dé àárín, ó dúró, ó ní, "Ibí yìí ò jókòó dáadáa lẹ́nu mi o," ó sì fi ohùn míì sí i. Orin bá dùn. Èyí tó tún ṣe yẹn làwọn akọrin Bàbá ń lò títí ìwé rẹ̀ fi gbó mọ́ wọn lọ́wọ́, kó tó di pé a bí Tíṣà. Ìyá náà kú nígbà tí Tíṣà ṣì ń rá. Ní báyìí, ẹ̀dà ilé ìkàwé ni gbogbo ayé ń kọ. Bí rédíò bá gbé e, Bàbá á pariwo látorí bẹ́ẹ̀dì pé, "Irọ́ ni!" Tíṣà fúnra rẹ̀ ti fi odidi kíláàsì yin ohùn irọ́ yẹn fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó ní ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé nìyẹn o! Ìtìjú ò jẹ́ kó sọ fún Bàbá.

Obìnrin tó ń tọ́jú ìwé gbé fáìlì náà wá, ó tẹ́ ẹ sórí tìmùtìmù, ó fi àpò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wúwo tẹ etí ìwé mọ́lẹ̀. Bàbá rí ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó na pẹ́ńsù sí i.

"Ẹ má kọ nǹkan sí i o! Ẹ jọ̀ọ́, sà!" Obìnrin náà ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Mo mọ̀, sà. Bó ṣe wà ló gbọ́dọ̀ wà."

"Bó tiẹ̀ jẹ́ irọ́?"

"Bó tiẹ̀ jẹ́ irọ́, sà."

Tíṣà bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi gbẹ. Obìnrin náà kì í ṣe ìkà. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó sì padà wá pẹ̀lú ìwé pélébé kan: kí Bàbá kọ ohùn tó tọ́ sí i, àwọn á fi í sínú fáìlì náà títí láé, ẹni tó bá wá wò ó á rí i. Inú Tíṣà dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá mú pẹ́ńsù. Ó ń kun orin náà jẹ́jẹ́ lábẹ́ ẹnu, dò, mí, sò. Ó dé ibẹ̀, ẹnu rẹ̀ bọ́ sórí ohùn inú ìwé. Ó mi orí, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ohùn inú ìwé yẹn náà ló jáde. Rédíò ti kọ ọ́ sí i létí jù. Àwọn tó ń kàwé lápá kejì gbójú sókè, ẹnikẹ́ni ò bá a wí.

"Tíṣà, kí ni ìyá ẹ fi síbẹ̀?"

"Bàbá, mi ò gbọ́ ọ rí."

"Ìwọ tó ń kọ́ gbogbo ayé lórin?"

Kò sí ìbínú níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni. Tíṣà dá là, ó dá fà, ó dá gbogbo ohùn tí òfin orin gbà láàyè. Bàbá ń wò ó lẹ́nu bí ẹni ń retí àlejò, ó sì ń mi orí. Gbogbo ìwé tí Tíṣà ti kà láyé rẹ̀ ò ràn án lọ́wọ́.

Wọ́n ní ó ku díẹ̀ kí wọ́n ti yàrá. Bàbá fa ìwé pélébé náà mọ́ra, ó kọ nǹkan sí i, ó sì dá pẹ́ńsù padà. Obìnrin náà kà á, ó sì fi í sínú fáìlì bó ṣe ṣèlérí.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Ìyàwó mi ò kọ ọ́ báyìí."