Ìlà Tó Ń Gé Àwòrán sí Méjì

Ojú mi ò fọ́. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ránṣọ, mo sì lè jókòó lójú fèrèsé yìí kí n sọ fún yín pé apá kan kọ́là ọrùn aṣọ ẹni tó ń kọjá lọ ga ju ìkejì. Ṣùgbọ́n àkọ́bí mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ní ojú mi ti ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ìlà kan ló dá a sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, orí rẹ̀ ni mo ti máa ń wo fídíò obìnrin kan tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ. Ó ti tó oṣù kan tó jẹ́ pé bí obìnrin náà bá ti sún ọwọ́ báyìí, ìlà kan á la àwòrán náà já láti ọ̀tún dé òsì. Apá òkè á ti lọ síwájú, apá ìsàlẹ̀ á ṣì wà lẹ́yìn. Àlùmọ́gàjí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á wá dà bí èyí tí wọ́n dá sí méjì, tí ọ̀lẹ kan lẹ̀ padà.

Mo kọ́kọ́ rò pé gíláàsì rẹ̀ ló là. Kí ni aránṣọ máa ń ṣe tí nǹkan bá wọ́? Mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sára aṣọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi sàmì sójú kọ̀ǹpútà níbikíbi tí ìlà náà bá ti yọ. Mo sàmì mọ́kànlá, kò sí méjì tó bára mu. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé gíláàsì ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó nu ṣọ́ọ̀kì kúrò, ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ ti wọlé dé lọ́sàn-án Sátidé kan.

"Mọ́mì! Kí lẹ ń fi ṣọ́ọ̀kì ṣe lójú kọ̀ǹpútà?"

Mo ṣàlàyé. Ọkọ rẹ̀ dá fídíò náà dúró, ó tẹjú mọ́ ọn. Ìlà ti pòórá. Ó ní kó máa lọ, mo pariwo pé, "Òun nìyẹn!" Ó tún dá a dúró. Kò sí nǹkan kan.

"Kò sí ìlà kankan níbẹ̀, mà," ló wí, ohùn tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ló sì fi sọ ọ́.

Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú. "Mọ́mì, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. A ti gba àyè sílẹ̀ fún yín lọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Máṣíìnì ìránṣọ yìí, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé wa, kí abẹ́rẹ́ má lọ gún yín lọ́wọ́."

Wọ́n ti pinnu rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé, mo mọ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé máṣíìnì mi sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ní àwọn ń lọ kí ọ̀rẹ́ àwọn kan ládùúgbò, pé àwọn á padà wá dágbére.

Mo jókòó síwájú tábìlì tó ṣófo. Kí n má purọ́, ẹ̀rù bà mí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ki òwú kó tó wọ ojú abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá ń sọ fún èèyàn lójoojúmọ́ pé kò ríran mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í táràrà nínú yàrá ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi. Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Ta ló ní kí wọ́n máa fi tiwọn wò ó fún mi?

Mo gbé e yẹ̀ wò bí iṣẹ́ mi. Tí aṣọ méjì bá wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, tí ti ìsàlẹ̀ ń yára ju ti òkè lọ, etí wọn ò ní pàdé, bó ti wù kí wọ́n gé wọn dọ́gba tó. Àwọn méjì kan wà nínú kọ̀ǹpútà yìí tí wọn ò jọ rìn. Bí mo ṣe kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn, àwọn tó ń rí irú ìlà mi sì pọ̀ lọ súà. Wọ́n ní kí n wo wáyà. Mo yọ ọ́, mo kì í padà, ìlà ṣì wà. Wọ́n ní kí n fi nǹkan mìíràn ṣí fídíò náà. Ìlà ṣì wà. Ẹnì kan wá ní kọ̀ǹpútà ló ń ti àwòrán tuntun jáde kí ojú rẹ̀ tó ya ti ìṣáájú tán, pé ibì kan wà nínú ètò rẹ̀ tí wọ́n ti lè pàṣẹ fún un pé kó máa dúró kí ojú rẹ̀ yà á tán. Mo wá ibẹ̀ kàn. Ẹnì kan ti pa á.

Mi ò tíì tan án. Mo gbé fóònù mi, mo ń ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà bí fídíò ṣe ń lọ, torí bí mo bá dá a dúró, ìlà á tún sá. Fọ́tò kejìlá ló gbá a mú. Ìgbà yẹn ni mo tó tan ibi tí wọ́n pa náà. Ọwọ́ obìnrin náà kọjá lódindi, àlùmọ́gàjí rẹ̀ lódindi, mo sì bú sẹ́kún níbi tí mo jókòó sí.

Nígbà tí wọ́n padà dé, mo fi fóònù lé ọmọ mi lọ́wọ́. Ó wò ó, ó tún wò ó.

"Àlùmọ́gàjí yìí gé sí méjì lóòótọ́," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Èmi àtìwọ nìkan là ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí. Ta ló pa ibi tó ti ń dúró?"

Ó họrí. "Èmi ni, mà. Géèmù bọ́ọ̀lù tí mo gbá lóṣù tó kọjá ló ń fà. Wọ́n ní tí mo bá pa á, á yára."

"Ìwọ lo pa á, ìwọ náà lo sì ní ojú mi ló fọ́."

Ọmọ mi kúnlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ má bínú."

"Mo ń bínú. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Ẹ lọ gbé máṣíìnì mi wá."

Ọkọ rẹ̀ gbé e wọlé, òógùn bò ó. Mo dúró tì í, mò ń sọ fún un pé kó sún un sápá ọ̀tún díẹ̀, kó sún un sósì, títí ẹsẹ̀ máṣíìnì fi bọ́ sójú àpá tó ti dá sára tábìlì láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ọmọ mi yọ fóònù rẹ̀.

"Ti dókítà ojú ńkọ́, Mọ́mì? Ṣé kí n pè wọ́n pé ẹ ò wá mọ́?"

"Má pè wọ́n," ni mo wí, mo ti ń wá òwú. "Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ lọ."