Ẹ Má Pa Á, Ẹ Má Tàn Án

Nínú ilé iṣẹ́ káfíńtà kan tó wà nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, oògùn kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo àìsàn ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ ìgépákó bá ń kùn, wọ́n á pa á, wọ́n á tún tàn án. Bí fáànù bá ń yí bí ẹni tó mutí yó, wọ́n á pa á, wọ́n á tún tàn án. Bàbá tó ni ilé iṣẹ́ náà ló ń fún wọn ní oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ará àdúgbò ti sọ ọ́ ní Pa-á-Tàn-án, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, torí Bàbá lè pa ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ níṣojú rẹ̀, kó má sì tàn án mọ́.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń ya àwòrán iṣẹ́. Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè é, títí kan àwọn oníbàárà tí kò fẹ́ ẹ. Ìdí kọ̀ǹpútà ńlá kan tó ti gbó ló máa ń jókòó sí, oyún tó ti ga wà níwájú rẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n ní kó bá àwọn gbé dání, á sì máa ya kíṣíìnì àwọn èèyàn sínú ètò ìyàwòrán kan tó wà lórí ayélujára. Ohun tó fẹ́ràn jù nínú ètò náà ni pé bí ó bá sún kọ́bọ́ọ̀dù kan níbí, ọkọ rẹ̀ tó wà níbòmíràn á rí i lójú fóònù tirẹ̀ pé kọ́bọ́ọ̀dù ti sún.

Lọ́jọ́ yìí, ọkọ rẹ̀ ti lọ sílé Dókítà Eyín láti fi àwòrán tuntun hàn án. Ọlọ́wọ́ òsì ni Dókítà Eyín. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló ń kan kọ́bọ́ọ̀dù fún un, gbogbo ilẹ̀kùn ló sì ń ṣí síbi tí kò fẹ́. Àwòrán àkọ́kọ́ tí wọ́n yà fún un, ọwọ́ ọ̀tún ni láti òkè délẹ̀. Ó ní òun á fojú fo ìyẹn. Bí èkejì náà kò bá mọ ọwọ́ òun, ó ní òun á gbé iṣẹ́ lọ fún káfíńtà òdìkejì títì. Ó dà bíi pé káfíńtà yẹn ti gbọ́, torí láti àná ló ti ń kí wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ìyàwó jí ní kùtùkùtù, ó sì yí gbogbo rẹ̀ padà. Ó gbé hínjì ilẹ̀kùn kúrò lápá kan, ó fi sí ìkejì. Ó ti síńkì kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé dúrọ́ọ̀ ṣíbí tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ náà dùn ún ṣe débi pé kò dìde lọ tọ̀. Bó ṣe parí ni fóònù dún.

"Ìyàwó," ohùn ọkọ rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó wà níbi ìsìnkú, "kí lo ti ń ṣe láti àárọ̀?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Mo ti parí ẹ̀. Ṣí i kó o wò ó."

"Mo ti ṣí i. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo ẹ̀ ṣì wà. Dókítà Eyín wà lẹ́yìn mi níbí, ó ń wò mí bí eyín tó ti kẹ̀."

Ìyàwó gbójú sókè wo ojú kọ̀ǹpútà. Àwòrán ìkùukùu kékeré kan wà ní igun òkè tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ là kọjá. Láti àárọ̀ ló ti ń rí i. Ó rò pé wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ni.

Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Okùn ayélujára ilé iṣẹ́ ti kú láti kùtùkùtù, lórí òpó ìta, gbogbo ohun tó sì ti yà kò tíì kúrò nínú ojú ewé tó wà níwájú rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń dúró níbẹ̀ bí èrò tó ń dúró de ọkọ̀. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá dé bá ojú ewé náà ní ṣíṣí, gbogbo èrò á wọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó tún kọ̀ǹpútà yìí ṣe kẹ́yìn ti ṣètò rẹ̀ kó máa gbá inú ara rẹ̀ mọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá pa á, kí ara rẹ̀ lè máa fúyẹ́. Bí wọ́n bá pa á báyìí, àtèrò àtẹrù ló máa bá ilẹ̀ gbígbá lọ.

"Bá mi dá a dúró díẹ̀," ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Kí n fi kí ni dá a dúró?"

"Ya ẹnu. Ní kó bá ẹ wo eyín."

Ó kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì tó máa ń fi ẹ̀dà àwòrán sínú kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnì náà ní láìsí nẹ́tíwọ̀kì, òun ò lè ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà wá dà bíi ti ẹni tó ti kọ́kọ́rọ́ yàrá mọ́ inú yàrá. Ó fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ fèsì kíá: "Ojú ẹ ni mò ń rí nínú gíláàsì. O fajú ro."

Dátà wà lórí fóònù rẹ̀, ìyẹn ni ìrètí tó kù. Kọ̀ǹpútà àgbà yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń gba nẹ́tíwọ̀kì láti inú afẹ́fẹ́, okùn nìkan ló mọ̀. Ó ki okùn ṣájà bọ fóònù, ó ki orí kejì bọ kọ̀ǹpútà. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná, àmọ́ kọ̀ǹpútà ò rí nǹkan kan. Ìyàwó mọ ohun tó fà á, torí ó ti fi abẹ la irú okùn bẹ́ẹ̀ rí láti wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Wáyà méjì tó ń gbé iná ló bá níbẹ̀. Àwọn méjì tó yẹ kó máa gbé ọ̀rọ̀, ẹni tó ṣe okùn náà ti fi wọ́n jin ara rẹ̀. Okùn tó mọ oúnjẹ jẹ tí kò mọ ọ̀rọ̀ sọ ni. Okùn kan ṣoṣo tó pé nínú ilé náà, ti Màmá ni, ìyá ọkọ rẹ̀, tó wà lókè.

Ó pè é. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú okùn fóònù yín wá sísàlẹ̀."

"Okùn tèmi? Èyí tí ọkọ rẹ yá, tó jẹ́ inú bàtà ni mo ti padà rí i?"

"Kò ní pẹ́ lọ́wọ́ mi, Màmá."

"Wá gbà á fúnra rẹ. Orúnkún ń ro mí. Ojú mi sì gbọ́dọ̀ rí ẹni tó gbà á."

Ìyàwó fẹ́ dìde. Ìtọ̀ tó ti ń fi sùúrù kanlẹ̀kùn láti àárọ̀ wá fẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn náà. Kó tó gbé ẹsẹ̀, Bàbá wọlé.

"Mo gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ń ṣàìsàn," Bàbá wí, ó ti na ìka kan síwájú bíi dókítà tó gbé abẹ́rẹ́ dání.

"Kò ṣàìsàn, Bàbá. Ara rẹ̀ le."

"Iná pupa wà lójú àpótí nẹ́tíwọ̀kì. Mo ti pa á, mo ti tàn án, kò gbọ́. Ó ku èyí."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ má ṣe wàhálà, sà."

"Wàhálà kọ́. Bọ́tìnì kan náà ni."

Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún bàbá ọkọ ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kan nǹkan? Ẹni tó fẹ́ bẹ àgbà a máa tẹ̀ ba, ṣùgbọ́n obìnrin tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ò gbọdọ̀ tẹ̀ ba. Ìyàwó kúkú sún síwájú bọ́tìnì, ikùn rẹ̀ sì bá a ṣe ohun tí ẹnu rẹ̀ ò lè ṣe. Ó dínà. Bó bá kúrò níbẹ̀, Bàbá á tẹ bọ́tìnì. Bí kò bá kúrò níbẹ̀, ilẹ̀ á tutù.

"Bàbá," ó ní, "bí ẹ bá fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó méjì, tí ẹ fi kíráǹpù fún wọn pọ̀, tí ẹnì kan wá tú kíráǹpù yẹn kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ ńkọ́?"

Ojú Bàbá yí padà. "Ta ló tú u?"

"Kò sẹ́ni tó tú u, sà. Mo kàn ń béèrè ni."

"Ẹni tó bá tú kíráǹpù mi, mà á lé e síta. Ọmọ tí mo bí gan-an, mà á lé e."

"Bí kọ̀ǹpútà yìí ṣe wà nìyẹn, Bàbá. Iṣẹ́ Dókítà Eyín wà lábẹ́ kíráǹpù nínú ẹ̀. Iná ni kíráǹpù ọ̀hún. Kò tíì gbẹ."

Bàbá ká ìka rẹ̀ kò wẹ́rẹ́. Ó wo kọ̀ǹpútà náà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àna rẹ̀ hàn. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí? Gbogbo ìgbà tí mo ti ń pa á ńkọ́?"

Ìyàwó rántí àwòrán tábìlì onífọ́tò kan tó dédé pòórá, tó mú kó fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan ṣépè fún àwọn tó ṣe ètò náà.

"Ẹ bá mi ṣọ́ ọ, Bàbá. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Máa lọ. Mo wà níbí."

Ó lọ. Aboyún tó ń sáré gun àtẹ̀gùn tí itan rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, iṣẹ́ kíráǹpù lòun náà ń ṣe. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ní ilé ìtọ̀ ni fóònù tún dún.

"Ó ti ń wá nọ́ńbà káfíńtà òdìkejì," ọkọ rẹ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ní eyín mi mọ́, àmọ́ iṣẹ́ mi ò mọ́. Ìró kí ni mò ń gbọ́ yẹn?"

"Òjò ni."

"Òjò? Oòrùn ń ran níbí."

"Ó ń rọ̀ níbí. Sọ fún un pé ó ku díẹ̀."

Abẹ́ ìrọ̀rí ni Màmá ti mú okùn náà jáde. Ó fi lé Ìyàwó lọ́wọ́ bí ẹni tó ń fi ọmọ léni lọ́wọ́, ó sì tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀. Orúnkún tó ń ro ó ti san.

Nísàlẹ̀, Bàbá ti gbé kíráǹpù gidi wá. Ó ti fi fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ǹpútà àti àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ etí tábìlì, ó fi pákó pẹlẹbẹ kan sáàárín kí irin má baà ha nǹkan lára. Ó káwọ́ gbera, ó kẹ̀yìn sí iṣẹ́ náà bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ báńkì.

Màmá wo fóònù tirẹ̀. "Iná ti fẹ́ẹ̀ tán lórí eléyìí. Nígbà tí okùn mi ti sọ̀ kalẹ̀, kí n kúkú rọ díẹ̀ sí i." Ó na ọwọ́, ó di púlọ́ọ̀gì kọ̀ǹpútà mú kó lè gba àyè rẹ̀, ó fà á.

Púlọ́ọ̀gì ò mira. Màmá fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ó fẹ́ tún un fà.

"Fi sílẹ̀!" Bàbá kígbe. "Kò tíì gbẹ!"

"Kí ni kò tíì gbẹ?"

"Gọ́ọ̀mù."

"Gọ́ọ̀mù wo ló wà nínú tẹlifíṣọ̀n?"

"Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n. Iṣẹ́ wà lábẹ́ kíráǹpù níbẹ̀. Kò lè yé ẹ."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pa ẹ̀rọ ìfọṣọ mi nígbà tí aṣọ wà nínú omi, ẹ̀yin náà lẹ ń sọ pé kò lè yé mi?"

"Àìmọ̀ ló fà á nígbà yẹn."

Ìyàwó na orí okùn síwájú. Bàbá dínà fún òun náà.

"Ẹnikẹ́ni, lo wí."

"Bàbá, èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ ni mò ń tẹ̀ lé."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Okùn yìí ló máa jẹ́ kó gbẹ."

Bàbá rò ó. "Bí atẹ́gùn?"

"Bí atẹ́gùn."

Ó gba okùn, ó fẹ́ eruku igi kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó dá a padà fún un. "Rọra."

Okùn náà wọlé. Fóònù béèrè bóyá kí òun bá kọ̀ǹpútà pín nẹ́tíwọ̀kì, Ìyàwó gbà fún un. Ìlà tó là kọjá lára ìkùukùu náà parẹ́, ọfà kékeré kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí po nínú rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ rán níṣẹ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró tì í. Màmá pàápàá dákẹ́, òun tó jẹ́ pé kì í dákẹ́ lójú oorun.

Fóònù dún níbi tó ti so mọ́ okùn. Ìyàwó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ìyàwó! Kọ́bọ́ọ̀dù ń rìn!" Ọkọ rẹ̀ ti gbàgbé láti sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́. "Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi láti fi hàn mí bí iṣẹ́ mi ṣe burú tó, àfi bí síńkì ṣe dìde! Ilẹ̀kùn ń yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan!"

Ohùn obìnrin kan gba ẹnu rẹ̀. "Ta ló ń ṣí ilẹ̀kùn nínú fóònù yìí?"

"Èmi ni, Dókítà," Ìyàwó wí. "Láti àárọ̀ ni mo ti ṣí wọn. Ìsinsìnyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ yín."

Ọkọ rẹ̀ tún rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ń fi ìka ọwọ́ òsì ta gíláàsì. Ó fẹ́ ṣí èyí tó wà lókè síńkì."

"Sọ fún un pé àwòrán ni."

"Ìwọ sọ fún un. Èmi ò lè sọ ọ́."

"Mo mọ̀ pé àwòrán ni," Dókítà Eyín wí. "Ẹ lọ gé pákó."

Bàbá gbọ́ "gé", ó ti kọjá sídìí ẹ̀rọ ìgépákó. Ìyàwó ò dìde ní tirẹ̀. Ó wo ìkùukùu náà títí ọfà fi dúró, ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá tẹ bọ́tìnì ẹ̀dà. Bọ́tìnì náà wá ń gbọ́ràn kíákíá nígbà tí ìyọnu ti tán. Ẹ̀dà kan wọ inú kọ̀ǹpútà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òmíràn sínú fóònù.

Màmá nawọ́. "Okùn mi?"

"Ó ku díẹ̀, Màmá."

Màmá fa àga kan mọ́ra, ó jókòó tì í, ó sì tẹjú mọ́ okùn náà.