Ọ̀mọ̀wé Kò Gbọdọ̀ Kú

"Èmi ń lọ o." Ikram ti gbé báàgì kọ́ èjìká kí Fúnmi tó mọ̀ pé kò ṣe àwàdà. "Sátidé kẹwàá rèé. Mò ń ti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní Mowe, mò ń wọkọ̀ wá sí Magboro, kí n kàn jókòó máa wo Bọ̀dá bí wọ́n ṣe ń dá nìkan jagun. O ní aláàdúrà ni mí. Àdúrà wo ni mo wá gbà?"

"Ikram, jọ̀ọ́, jókòó. Bọ̀dá wà lóde, wọ́n ń dá fóònù lóhùn, wọ́n á gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́ ná!" ni Ikram wí, àmọ́ ó ti rẹ ohùn sílẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán.

Sàhéèdì, fọkanáísà tó ń lẹ táyà tírélà ní Asese, mi orí. "Òótọ́ ló ń sọ, Fúnmi. Ká má purọ́, mọ́ínmọ́ín Àǹtí ló kù tó ń gbé èmi wá síbí."

Fúnmi ṣí ìwé àkọsílẹ̀ eré wọn. Orí rẹ̀ ni eré náà ti jáde, ọdún méjì ló sì fi hun ún. Kò sí pátákó, kò sí ọmọ ayò. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú ìwé, pẹ́ńsù àti dáìsì Lúdò méjì. Fúnmi ni apàlọ́, òun ló ń sọ ibi tí wọ́n dé àti ohun tó dìde sí wọn lọ́nà. Àwọn mẹ́ta yòókù ni arìnrìn-àjò, oníkálukú pẹ̀lú agbára tirẹ̀. Sàhéèdì ni olóògùn tó ń fi ewé ṣe tirẹ̀. Ikram, tó ń kírun ìgbà márùn-ún lóòjọ́, ni aláàdúrà aláṣọ funfun, ó sì ti fi ìyẹn rẹ́rìn-ín títí. Adébánjí, ẹ̀gbọ́n Fúnmi tí gbogbo wọn ń pè ní Bọ̀dá, ni oṣó tó ń ti inú ìwé kọ́ ọfọ̀. Ṣùgbọ́n díákónì ni Adébánjí, wọn kì í sì í dárúkọ oṣó nínú ilé díákónì, nítorí náà Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń pè é.

Òfin rẹ̀ kò ṣòro. Oníkálukú ní èémí mẹ́wàá, iye tí dáìsì ọ̀tá bá sì já sí ni wọ́n ń yọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí èémí rẹ̀ bá tán ti kú nìyẹn. Ìdajì ohun tó ti kọ́ á bá ikú lọ, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu mọ́ àyàfi tí aláàdúrà bá jí i. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Abẹ́òkúta ti gbà láti tẹ eré náà jáde, àmọ́ wọ́n ní kí ó mú àkọsílẹ̀ ìdánwò mẹ́wàá wá lọ́jọ́ Ajé, kí gbogbo àwọn tó ṣe é sì fọwọ́ sí i pé ó dọ́gba, pé kò sí agbára kan tó tẹ ìyókù mọ́lẹ̀. Òní ni ìdánwò kẹwàá. Bí Ikram bá kọ̀ tí kò fọwọ́ sí i, iṣẹ́ ọdún méjì wọgbó.

Fúnmi sì ti gbìyànjú o. Ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti gé ọfọ̀ Ọ̀mọ̀wé kù. Ó gé iná rẹ̀, ó gé ìjì rẹ̀, ó dá ọgbọ́n kan sí i pé ọfọ̀ kan ṣoṣo ni kó máa kọ́ lọ́jọ́ kan. Pàbó ló já sí. Ọ̀mọ̀wé ń wòsàn ju aláàdúrà lọ, ó mọ ewé ju olóògùn lọ.

Ilẹ̀kùn ṣí, Adébánjí wọlé. Ikram fi ìdí lélẹ̀. Ta ló máa bá onílé jà níwájú rẹ̀?

"Ọ̀gá mi ni," ni Adébánjí wí, ó ju fóònù sórí àga. "Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́! Ó ní mo ti pẹ́ jù lórí ohun tí kò tíì rán mi." Ó jókòó, ó fi ọwọ́ ra ọwọ́, ojú rẹ̀ sì là. "Ó yá, ibo la bá a dé?"

Láàárín ọ̀sẹ̀, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ń jáde lọ sí Èkó, àwọn tó kéré sí i ló sì ń pàṣẹ fún un níbẹ̀. Orí tábìlì yìí nìkan ni wọ́n ti ń bẹ̀rù rẹ̀. Fúnmi mọ̀ bẹ́ẹ̀, àánú rẹ̀ a sì máa ṣe é. Òun náà rèé, ilé ẹ̀gbọ́n yìí ló ń gbé láti ìgbà tí iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ti kógbá wọlé. Adébánjí fún un ní yàrá, ó ń bọ́ ọ, kò fi ọ̀rọ̀ gún un lára rí. Ibi tó ti wá le gan-an nìyẹn. Ká ní ìkà èèyàn ni, ì bá ti bá a fà á tipẹ́.

"A dé etí kànga," ni Fúnmi bẹ̀rẹ̀. "Òjòlá kan ká ara rẹ̀ yí i po. Ó gbórí sókè."

"Ẹ sún sẹ́yìn," ni Adébánjí wí. "Èmi ni kó wá bá."

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n ju ewé tèmi lù ú ná," ni Sàhéèdì bẹ̀bẹ̀.

"Kí o lè fara pa? Mo ní ọfọ̀ ewé yẹn."

"Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, Bọ̀dá."

"Òun náà ló dé yìí," ni Adébánjí wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in.

Bó ṣe ń to ọfọ̀ rẹ̀ lọ, Fúnmi ń ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí iṣẹ́ náà ti bà jẹ́. Ó ka iye ìgbà tí oníkálukú ti kú. Sàhéèdì, mẹ́fà. Ikram, mẹ́rin. Lábẹ́ orúkọ Ọ̀mọ̀wé, kò sí ikú kankan. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni "wọ́n dákú díẹ̀," "oorun gbé wọn lọ," "wọ́n fara pa." Ẹ̀ẹ̀meje.

 Ó rántí Sátidé àkọ́kọ́, nígbà tí èémí Adébánjí tán, tí òun sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Morádéyọ̀, ìyàwó Adébánjí, Àǹtí tó ń se mọ́ínmọ́ín, já wá láti kíṣìnì tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. "Ta ló kú? Nínú ilé yìí? Olúwa má jẹ̀ẹ́!" Gbogbo wọn ló dìde dúró, wọ́n sì gbàdúrà títí ìrẹsì fi jóná. Sàhéèdì àti Ikram pàápàá ń ṣe àmín. Fúnmi yí i sí dídákú nínú ìwé, láti ọjọ́ náà sì ni ẹnu rẹ̀ ti kọ̀ láti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ó kú. Ó sì wá ń gé ọfọ̀! Ẹni tí kì í kú, tí kì í pàdánù ohun tó kọ́, ṣé kò ní mọ gbogbo nǹkan tán ni? Bí ìwé náà bá wá dé ilé ẹlòmíràn, níbi tí wọn kò ti bẹ̀rù láti pa á, Ọ̀mọ̀wé tí òun ti gé lápá gé lẹ́sẹ̀ yìí á kú kó tó jáde nílé. Ìwé òfin kò ní àbùkù kankan tẹ́lẹ̀. Ẹnu òun ló ní in.

"Ó kan òjòlá," ni Ikram wí, láìwo ẹnikẹ́ni.

Fúnmi ju dáìsì. Mẹ́fà àti mẹ́fà. Èémí mẹ́rin péré ló kù fún Ọ̀mọ̀wé tẹ́lẹ̀.

 Nídìí tábìlì oúnjẹ, Morádéyọ̀ ń ṣa ẹ̀wà. Adébánjí ti ń na apá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo dákú nìyẹn, àbí?"

Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, wọ́n sì ti wà létè Fúnmi. Tó bá sọ wọ́n, alẹ́ á lẹ́ láìsí wàhálà, yàrá rẹ̀ á ṣì jẹ́ tirẹ̀, á máa jẹ, á máa sùn, títí ayé.  Ó dìde lórí àga, ó rìn yí tábìlì ká, ó sì kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Bọ̀dá, ẹ forí jì mí. Ẹ ti kú."

Ẹ̀wà dà lọ́wọ́ Morádéyọ̀. "Fúnmi! Kí lo sọ fún ọkọ mi?"

"Inú eré ni, Àǹtí. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ti kú tẹ́lẹ̀, èmi ni mò ń bò ó mọ́lẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀meje! Nínú ilé tí wọ́n ti ń bọ́ ẹ? Ó dáa. Kí àwọn àlejò lọ ná."

Adébánjí la ẹnu.

"Bọ̀dá," ni Ikram wí jẹ́jẹ́, "òkú kì í sọ̀rọ̀."

Adébánjí wo Ikram, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wá wo àbúrò rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó fa pẹ́ńsù mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé ọfọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òkè wá sí ìdajì ìwé. 

Ikram nawọ́ mú dáìsì. "Tí mo bá jí wọn, àdúrà mi ti tán fún òní nìyẹn. Sàhéèdì, ewé wo ló wà lọ́wọ́ ẹ? Ká kọ́kọ́ lé òjòlá yìí ná."

"Mo ní méjì," ni Sàhéèdì wí, ó sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì.

Wọ́n jọ yíjú sí Fúnmi, wọ́n ń retí ohun tí òjòlá máa ṣe. Orúnkún ti ń ro ó. Ẹni tó yẹ kó ní kó dìde ti kú, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ náà ló ti ń bá ìtàn lọ.